Ìbọn bàbá ọdẹ

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé dé lọ́tẹ̀ yìí o, ẹ má sá.

Ọdún 1959 ni wọ́n ṣe òfin ìbọn ilẹ̀ wa, kí a tó gba òmìnira. Ṣakabùlà tí bàbá ọdẹ fi ń pa ẹtu pàápàá, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ. Ìyẹn ò burú. Èyí tó ń ká mi lára ni òfin tí ìjọba ológun fi lé e lọ́dún 1984: ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìníwèé, kó san ₦20,000, tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀.

Ẹ gbọ́ ná! Lọ́dún 1984, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Lónìí ńkọ́? ₦20,000 ò ra àpò ìrẹsì kan. Ọmọọ̀ta olówó tí adájọ́ bá ní kó sanwó, ẹ̀rín ni yóò fi san án. Bàbá ọdẹ abúlé tó bá bọ́ sí ti ẹ̀wọ̀n ńkọ́? Ọdún 10, nítorí ṣakabùlà! Bẹ́ẹ̀ láti 2020 tí Àmọ̀tẹ́kùn ti dé, àwọn ọdẹ yìí náà la ń bẹ̀ kí wọ́n báwa ṣọ́ igbó.

Ẹ̀yin aṣòfin Àbújá, ẹ jẹ́ kí ọdẹ máa gba ìwé àṣẹ ní káńsù lówó táṣẹ́rẹ́, kí olórí ọdẹ ṣe onídùúró. Ẹni tó bá gbé AK-47, ẹ yọ ti owó kúrò níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni!

Ẹ̀yin ọdẹ tẹ́ ẹ ti gbàwé rí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa: èló lẹ san, ọjọ́ mélòó lẹ sì fi dúró?