Ìjà Lọ́kọláya: Ìkòkò Wà Nílé Yín

"Ìjà lọ́kọláya ni, ẹ má dá sí i." Ohun tá a máa ń wí nìyẹn bí igbe obìnrin bá ń jáde láti yàrá kejì. Ẹni tó ń wí i kì í ṣe ìkà. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì mọ ohun tí òun lè ṣe.

Lọ́dún 1999, SABC, ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Gúúsù Áfíríkà, gbé eré Soul City sáfẹ́fẹ́. Nínú eré náà, Thabang, olùkọ́ tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún, a máa lu Matlakala ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sú àwọn aládùúgbò. Wọ́n kó ìkòkò àti páànù jáde, wọ́n yí ilé ọkùnrin náà ká, wọ́n ń lù wọ́n kíkankíkan. Ariwo yẹn ti sọ gbogbo rẹ̀: à ń gbọ́ ọ, a ò sì fara mọ́ ọn. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé ìkòkò ni wọ́n mú. Kò sílé tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ kúrò ní eré. Ní Thembisa, lẹ́bàá Johannesburg, ọkùnrin kan ń lu ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ nílé ọtí, làwọn tó ń mutí níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìgò.

Albert Bandura, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Yunifásítì Stanford, ti wádìí irú nǹkan báyìí. Lọ́dún 1961, òun àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ káwọn ọmọdé wo àgbàlagbà tó ń na bèbí ìṣeré ńlá kan nínà burúkú. Nígbà tí bèbí bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn nà án bí wọ́n ṣe rí i. Lọ́dún 1977, ó fi kún un pé ohun téèyàn bá gbà pé apá òun ká ló máa ń dáwọ́ lé. Ìmọ̀ rẹ̀ wà lára ohun táwọn tó ṣe Soul City lò. Ìwàásù a máa sọ pé nǹkan ò dáa. Ó ṣọ̀wọ́n kó fi ohun tá a máa ṣe hàn wá.

Ọmọ tó rí bàbá rẹ̀ tó ń lu ìyá rẹ̀, tó tún rí àwa tá a tilẹ̀kùn mọ́rí, ẹ̀kọ́ méjì ló kọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Òfin wà: Èkó ṣe tiẹ̀ ní 2007, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe tiẹ̀ ní 2015. Ṣùgbọ́n òfin kì í kan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ẹ má dá lọ o; ọkùnrin tínú ń bí lè ṣeni léṣe. Nípàdé àwọn ayálégbé tó ń bọ̀, ẹ jọ fẹnu kò: ta ni yóò pe àwọn yòókù jáde, ta ni yóò pe ọlọ́pàá, yàrá ta ni ìyá àtàwọn ọmọ yóò sùn sí.