Ẹ Má Fi Ẹ̀kọ́ Yìí Du Ọmọ Sábẹ̀

À ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn òbí kan, àti lẹ́nu àwọn àgbà kan, pé kí tíṣà SVT fo ẹ̀kọ́ bí ohun ẹlẹ́mìí ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ náà ń sọ pé ọ̀bọ ló bí wa. Àwa ò gbà.

Ẹ̀kọ́ yẹn ò sọ pé ọ̀bọ ló bí ẹnikẹ́ni. Ó ní àwa àti ọ̀bọ jọ ní baba ńlá kan láyé àtijọ́, bí ẹ̀ka méjì lára igi kan. Ní 1859 ni Charles Darwin tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Sábẹ̀ ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà tipẹ́. Ta ló ń gbin àgbàdo tí kò yọmọ? Èyí tó dára la ń so sókè àjà de òjò ọdún tó ń bọ̀. Àwa là ń ṣà á. Nínú igbó, ọ̀dá, àrùn àti ebi ló ń ṣà. Èyí tó bá là á já ló ń bímọ, ọmọ á sì jọ ọ́. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo oko òwú. Oògùn pyrethroid ń pa kòkòrò tó ń jẹ èso òwú tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ wà nínú wọn tí oògùn ò ràn láti ìbí. Àwọn yòókù kú, àwọn díẹ̀ yìí bímọ. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1990, oògùn náà ti ń kùnà káàkiri Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1999 wọ́n gbé endosulfan dé fún àgbẹ̀ Benin, májèlé tó le jù ú lọ. Àwọn ènìyàn kú nítorí rẹ̀ ní Borgou.

Ẹ̀fọn náà ṣe bẹ́ẹ̀ sí oògùn inú àwọ̀n wa. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Covè, Zagnanado àti Ouinhi, ní Zou tó bá wa pààlà, jáde ní 2023. Àwọ̀n tí wọ́n fi chlorfenapyr kún oògùn rẹ̀ dín ibà àwọn ọmọdé kù ní 46 nínú 100 láàrin ọdún méjì, ju àwọ̀n oògùn kan ṣoṣo lọ. Ta ni nínú ọmọ wa ló máa ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́la, tí kò bá mọ ìdí tí ẹ̀fọn fi ń borí oògùn?

Ẹ̀jẹ̀ wa ńkọ́? Ní 1954 Anthony Allison fi hàn pé ibà líle kì í sábà mú ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ nílẹ̀ ibà bíi tiwa. Ṣùgbọ́n bí AS bá fẹ́ AS, wọ́n lè bí SS, ìyẹn àrùn arọ́mọléegun. Ìyàwó tó mọ èyí ò ní pe ọmọ rẹ̀ ní àbíkú, kò sì ní fẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá ọkọ rẹ̀.

Ẹlòmíì á ní: Odùduwà ńkọ́? Ọlọ́run ńkọ́? Ìtàn Odùduwà ń sọ bí a ṣe di ìlú tó ní ọba. Kò sẹ́ni tó ń gbà á lọ́wọ́ wa. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ojúbọ ò ní tìlẹ̀kùn nítorí pé ọmọ mọ ìwà kòkòrò.

Ohun tí a ń bèèrè ò pọ̀. Kí àwọn ìjòyè sọ ọ́ gbangba ní ìpàdé òbí pé ìlú fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí. Kí tíṣà má fo ó. Kí ó fi èdè wa là á yé ọmọ, kí ó sì mú wọn dé oko òwú. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá sọ tẹnu ẹ̀ ní ìpàdé ẹgbẹ́, a ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kó má lọ máa sọ ọ́ sí tíṣà létí lábẹ́lẹ̀.