Abẹ Ti Ṣe Tirẹ̀, Ó Ku Ẹnu

Ọmọ Èjìgbò tó bá ti pẹ́ ní Abidjan mọ ohun tí à ń sọ. A ń gbé Treichville, a ń tajà ní Adjamé, Faransé ti mọ́ wa lẹ́nu, Anago làwọn onílùú sì ń pè wá. Síbẹ̀, àṣà kan tí a gbé ti ilé wá ò tíì kúrò lára wa: bí èèyàn wa bá dùbúlẹ̀ sí họ́sípítù, a kì í lọ kí i lọ́wọ́ òfìfo. Kúlà oúnjẹ là ń gbé dání. Àṣà rere ni, àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ inú fún, ó lè di ewu.

Ká sọ pé ìyá oníṣòwò kan sanra débi pé àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru bá a wọ̀yá ìjà, ni dókítà bá dín àpòlúkù rẹ̀ kù. Nínú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní sleeve, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù ni wọ́n ń gé kúrò. Ìyókù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ti bypass, tí Dókítà Edward Mason bẹ̀rẹ̀ ní Iowa, Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1960, àpò kékeré ni wọ́n ń fi sílẹ̀ lókè, tí oúnjẹ á wá gba ọ̀nà àbùjá wọ ìfun.

Ọjọ́ kẹrin pé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣí kúlà: foutou ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọbẹ̀ ẹyìn. “Àbúrò mi, wo bó o ṣe rù! Gba òkèlè méjì péré.” Òkèlè méjì péré yẹn lè há, kó di èébì, kó sì ni ojú rírán inú lára.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Dókítà ló ni àṣẹ, àmọ́ bó ṣe sábà máa ń lọ rèé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, nǹkan olómi ni: omi, omi ẹja sísẹ́, ògì ṣíṣàn tí kò ní ṣúgà. Ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, oúnjẹ lílọ̀ kúnná bíi ti ọmọ jòjòló: ẹja carpe tí a ti yọ egungun rẹ̀, ẹ̀wà tí a bó. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹyin àti mọ́ínmọ́ín rírọ̀ lè dé. Ó di nǹkan bí oṣù méjì kí oúnjẹ líle tó padà wá, díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tó bá padà wá ńkọ́? Ẹja ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ, kí attiéké kẹ́yìn. Ẹ̀gẹ́ ni attiéké, amúaradàgbà inú rẹ̀ ò tó nǹkan. Ara sì ń fẹ́ ó kéré tán 60 gíráàmù èròjà amúaradàgbà lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ẹyin kan kò ní ju bíi mẹ́fà lọ. Ẹ má fi omi ti oúnjẹ; ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ tó máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ohun mímu aládùn bíi bissap àti gnamankoudji lè mú kí òógùn bo ẹni tó ṣe bypass, kí òòyì kọ́ ọ, kí inú rẹ̀ sì ṣí. Ọtí ńkọ́? Kíákíá ló ń gun irú ẹni bẹ́ẹ̀ báyìí.

Oògùn fítámì kì í ṣe ti oṣù kan. Títí ayé ni, nítorí inú tó ti kéré kò lè fa B12 àti áyọ́ọ̀nù bíi tàtẹ̀yìnwá. Bí èébì bá ń bá a lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ sáré lọ sí họ́sípítù: àìtó fítámì B1 lè ba ọpọlọ jẹ́.

Kì í ṣe ẹni tó sanra nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn o. Ẹni tí ibà jẹfunjẹfun dá ìfun rẹ̀ lu, tí wọ́n rán an, òun náà kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kan ẹnu títí dókítà á fi ní ó yá. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ tó dáa gan-an ló nílò, kó lè padà sípò.

Nítorí náà, kí aláìsàn tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ, kó mú ẹni tó ń dáná nílé dání lọ bá dókítà àti onímọ̀ oúnjẹ. Kí olùwarẹ̀ gbọ́ ọ létí ara rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má pa kúlà yín tì. Omi ẹja sísẹ́ ni kẹ́ ẹ bù sí i, kẹ́ ẹ fi ṣíbí tíì sí i, kẹ́ ẹ jókòó tì í. Bó bá ní ó tó lẹ́yìn ṣíbí kẹta, ẹ dé e.