Káńsù Ọ̀ṣun: Kí ni àwọn aṣòfin tí a rán níṣẹ́ ń ṣe sí i?

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, tí ọmọ yín bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ Oríadé lónìí, ta ni yóò fọwọ́ sí i fún un? Ìbéèrè kékeré ni o. Ṣùgbọ́n láti oṣù Kejì ọdún 2025, ẹnikẹ́ni tó bá dá a lóhùn ti gbè sẹ́yìn ẹgbẹ́ òṣèlú kan nìyẹn. Ẹni tó jókòó sí sẹkitéríàtì kò ní òṣìṣẹ́. Ẹni tí gómìnà búra fún kò rí ọ́fíìsì wọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, ẹgbẹ́ wọn, NULGE, ló ní kí wọ́n jókòó sílé nítorí ẹ̀mí wọn. Owó tó yẹ kó máa gbé gbogbo rẹ̀ ró, Àbújà ni wọ́n dá a dúró sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti lọ́jú pọ̀, ẹ jẹ́ ká tún un sọ ní ṣókí fún ẹni tí kò bá a látìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2022, lábẹ́ ìjọba Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá tó kù díẹ̀ kó kúrò lórí oyè, OSSIEC, àjọ elétò ìdìbò ìpínlẹ̀, dìbò káńsù. APC mú gbogbo alága 30. Kó tó pé oṣù méjì, kóòtù àpapọ̀ ní Òṣogbo wọ́gi lé ìbò náà, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè sì gorí oyè ní ọjọ́ 27 oṣù Kọkànlá. Ó di ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2025, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní Àkúrẹ́ da ìdájọ́ ti Òṣogbo nù. Àwọn alága APC ní àwọn ti padà sípò nìyẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn sẹkitéríàtì, ẹ̀mí sì lọ sí i. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn èyí, OSSIEC tún dìbò mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, PDP ló mú gbogbo alága 30.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi 30 yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì la dìbò káńsù, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè kó gbogbo ẹ̀ láìṣẹ́ ku ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀, nínú ìbò gómìnà oṣù Keje 2022, oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ti àkọ́kọ́, Adélékè ní ìbò 403,371, Oyètọ́lá ní 375,027. Ìjọba ìbílẹ̀ 17 ni ọ̀kan mú, èkejì mú 13. Báyìí la rí gan-an ní Ọ̀ṣun, a máa ń pín ni. Ibo ni gbogbo àwọn tó dìbò fún Adélékè wá wọlé sí láàárín oṣù mẹ́ta? Ibo ni àwọn ti Oyètọ́lá náà sá lọ ní 2025? Èmi ò rí ẹni tó lè ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwọn aṣòfin wa. Òfin ilẹ̀ wa, ní abala 198, sọ pé gómìnà ló ń yan àwọn tó ń darí OSSIEC, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń ka ìbò tó ń jáde ní 30 sí òdo yìí, ojú àwọn aṣòfin wa ni wọ́n gbà kọjá. Abala 162 náà sọ pé bí owó káńsù bá dé, ilé aṣòfin ló máa là á kalẹ̀ bí wọ́n ṣe máa pín in. Abala 128 fún wọn lágbára láti pe ẹnikẹ́ni tó ń ná owó ìpínlẹ̀ kó wá rojọ́. Kò sí agbára tí wọn ò ní. Ta ni wọ́n ti lò ó fún?

Aṣòfin 26 ló wà ní Òṣogbo. Abẹ́ àsíá PDP ni 25 nínú wọn ti wọlé ní 2023. Nígbà tí Gómìnà Adélékè fi PDP sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2025, tó sì gba Accord lọ ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Olórí ilé, Adéwálé Ẹgbẹ́dùn, àti ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà ní Àbújà ńkọ́? Sẹ́nétọ̀ Francis Fádáhùnsi tó ń ṣojú wa ní Ìlà Oòrùn Ọ̀ṣun, àti Ọ̀nárébù Wọlé Òkè tó ń ṣojú Ọbòkun àti Oríadé, PDP la dìbò fún, APC ni wọ́n ṣe báyìí. Ẹ wò ó bí ẹsẹ̀ ṣe yá tó nígbà tó kan ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. Mi ò tíì gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn, ti òkè tàbí ti ìsàlẹ̀, pe àwọn ará Ìkejì-Arákejì tàbí Ìpetu jọ kó tó pààrọ̀ ẹgbẹ́.

Ariwo ò wọ́n o. Àwọn ti gómìnà ń bú Àbújà, àwọn ti Àbújà ń bú gómìnà, a sì ń gbé ohùn àwọn méjèèjì sáfẹ́fẹ́ láàárọ̀ lálẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tiwa ń du ẹni tí yóò pọn ọmọ.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń pín ẹ̀bi ní dọ́gba-dọ́gba: dídá owó náà dúró kò tọ̀nà, ibi tí ẹ̀bi ti wúwo jù nìyẹn. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ ọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé owó káńsù, ti káńsù ni, kí wọ́n máa san án fún wọn tààrà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 2025, ilé ẹjọ́ yìí kan náà da ẹjọ́ Ọ̀ṣun nù, adájọ́ mẹ́fà nínú méje ló fẹnu kò sí i, torí pé agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ kọ́ ló yẹ kó pe ẹjọ́ fún káńsù. Síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́ nínú ìdájọ́ náà pé kò bófin mu kí ẹnikẹ́ni gbẹ́sẹ̀ lé owó náà. Ta ni yóò wá pe ẹjọ́ náà? Àwọn alága ni. Alága wo? A tún ti padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú mọ ìrora yìí. Òun ni gómìnà Èkó ní 2004 nígbà tí Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó káńsù Èkó dúró. Ó lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, wọ́n sì dájọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé Ààrẹ kò lágbára láti ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà tí Yar'Adua dépò ní 2007 ni owó náà tó já sí Èkó lọ́wọ́ tán. Ẹni tí wọ́n fi ebi pa nígbà náà ló wà nídìí ìkòkò báyìí.

Láàárín gbogbo èyí, ẹ wo ohun tí òfin ní kí káńsù máa ṣe: ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, àkọsílẹ̀ ọmọ tí wọ́n bí àti ẹni tó kú. Àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, òṣìṣẹ́ káńsù ni wọ́n. Ọ̀nà oko kòkó wa tí òjò ń wó, káńsù ló ni ín. Ní 1928, ẹ̀rọ tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá fi ń tẹ ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ kọṣẹ́ nítòsí ìlú wa níbí, ìtàn sì ní ohùn kan pè é. Káńsù tiwa ti kọṣẹ́ láti oṣù Kejì, ohùn ẹgbẹ́ òṣèlú nìkan là ń gbọ́.

Ìbò gómìnà 2026 ti dé tán. Adélékè ń bọ̀ lábẹ́ Accord, Bọ́lá Oyèbámijí ń bọ̀ lábẹ́ APC, àwọn aṣòfin náà yóò tẹ̀ lé wọn kiri. Wọ́n máa wá sí stúdíò, wọ́n máa wá sí ọjà. Ohun tí màá bi wọ́n nìyí, ẹ lè bá mi bi wọ́n tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ yín: tí owó yìí bá já lójijì bíi ti Èkó, ti gbogbo oṣù tí wọ́n fi dá a dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àkáǹtì ta ni yóò wọ̀, ọjọ́ wo ni ẹ̀yin aṣòfin yóò sì ka ìṣirò rẹ̀ sétí àwa ará Oríadé?