Ìmọ̀ Ààbò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Kì í Ṣe Ti Akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ Nìkan

Láti ìgbà tí fóònù GSM ti dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń fi í ṣe ti kọjá ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí pé orí rẹ̀ ni owó oṣù ń gbà wọlé, orí rẹ̀ ni owó ọjà ń gbà jáde, inú rẹ̀ náà sì ni ìwé ẹ̀rí àti ọ̀rọ̀ àṣírí ẹbí wà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń lò ó ni ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní bí a ṣe ń dáàbò bò ó.

Èrò tí ó gbilẹ̀ ni pé àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ará ìlú ń pè ní ọmọ Yahoo, ní òye awo kan tí wọ́n fi ń já wọ inú báńkì. Irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ń wáyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń bá aráàlú jù ni gbájúẹ̀, níbi tí olóhun fúnra rẹ̀ ti ń gbé ohun ìní rẹ̀ lé olè lọ́wọ́ láìmọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Wọ́n á pe ènìyàn, wọ́n á ní: “Ẹ kú iṣẹ́ mà, láti báńkì yín la ti ń pè yín. Wọ́n fẹ́ ti BVN yín pa lónìí, ẹ tètè ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún wa.” BVN yìí ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní ọdún 2014, nọ́ńbà tí wọ́n ní kí ó kà sì ni OTP, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí alálòkan tí báńkì fi ń mọ̀ pé olówó gan-an ni ó fẹ́ ná owó rẹ̀. Báńkì kì í pe oníbàárà láti béèrè OTP tàbí PIN, ìkánjú tí ẹni tí ó pè bá sì ń kó bá ènìyàn ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó mú un fura.

Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n fi ń gba WhatsApp mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Oníjìbìtì á tẹ nọ́ńbà fóònù ẹni náà sínú WhatsApp tirẹ̀, nọ́ńbà oní-díjíìtì 6 á wọlé sórí fóònù olóhun, oníjìbìtì á sì ṣe bí ará ẹgbẹ́ tàbí ọmọ ìjọ kan náà tí ó ṣèèṣì fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i, á ní kí ó kà á fún òun. Bí ó bá ti rí i gbà, orúkọ onítọ̀hún ni yóò máa fi yá owó lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí. Ohun tí ó ń dènà èyí ni two-step verification, tí ó wà nínú Settings, lábẹ́ Account: PIN kejì tí olóhun yàn fúnra rẹ̀, tí WhatsApp yóò tún béèrè lẹ́yìn nọ́ńbà àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní pásíwọ́ọ̀dù, náà ń fẹ́ àmójútó. Gígùn rẹ̀ ni ó ń mú kí ó ṣòro láti já. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò tan mọ́ra wọn, tí a so pọ̀, lágbára ju orúkọ ọmọ ẹni àti 123 lọ, ó sì rọrùn láti rántí. Ewu ńlá ni kí ènìyàn máa lo ẹyọ kan níbi gbogbo, pàápàá lórí í-meèlì, nítorí pé í-meèlì ni ọ̀pọ̀ ìkànnì fi ń bá ènìyàn pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí ó gbàgbé.

Kíka adírẹ́sì ìkànnì pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́. Orúkọ ẹni tí ó ni ìkànnì ni èyí tí ó ṣáájú ìparí bíi .com tàbí .com.ng gẹ́lẹ́, kí ojú tó kan ìlà dídagun ẹlẹ́yọ kan (/) àkọ́kọ́. Bí líǹkì kan bá kà pé bankiwa.com.atunse-bvn.xyz/wole, atunse-bvn ni ó ni ín, kì í ṣe bankiwa. Àmì àgádágodo ẹ̀gbẹ́ adírẹ́sì kò sì sọ pé olóòótọ́ ni ó ni ìkànnì. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí ń lọ láàárín fóònù àti ìkànnì náà.

Gbígba àtúnṣe tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́, tí a mọ̀ sí update, kò ná ènìyàn ju dátà lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe jáde fún àléébù kan nínú Windows; ní oṣù Karùn-ún, kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní WannaCry gba ibi àléébù yẹn wọ inú àwọn ẹ̀rọ tí kò gba àtúnṣe náà ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 150, ó ti fáìlì wọn pa, ó sì ń béèrè dọ́là 300 kí ó tó ṣí i. Ó dé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí tí wọ́n fi sún ọjọ́ ìtọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn síwájú. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀dà fáìlì rẹ̀ níbòmíràn kò ní nílò láti bẹ olè.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé PIN ojú fóònù kò kan síìmù inú rẹ̀, nítorí pé olè lè yọ síìmù sínú fóònù mìíràn, kí OTP sì máa wọlé sí i lọ́wọ́. PIN síìmù ni ó ń dènà èyí, ṣùgbọ́n kí ènìyàn kọ́kọ́ béèrè PIN àkọ́kọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tí ó ni síìmù rẹ̀, torí bí ó bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, síìmù á tì pa. Bí fóònù bá sì sọnù, kí ó pe báńkì kíákíá lórí nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn káàdì ATM rẹ̀.

Nàìjíríà ní òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2024, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kì í yá bí owó ṣe ń yá lọ. Nítorí náà, kí ẹni tí ó bá ka èyí ṣí fóònù rẹ̀ lónìí, kí ó ṣe two-step verification, kí ó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé í-meèlì rẹ̀, kí ó sì jókòó ti àwọn òbí àti àgbàlagbà ilé rẹ̀ láti bá wọn ṣe tiwọn.