Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ẹ Jẹ́ Ká Kí Èèyàn Ká Tó Ya Fọ́tò Wọn

Nígbà tí ẹ̀ka wa lọ ìrìn àjò ẹ̀kọ́ sí Abẹ́òkúta lọ́dún tó kọjá, a gun Òkè Olúmọ, a wọ ọjà adìrẹ ní Ìtòkú, a sì yà sí agboolé kan tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Màmá àgbàlagbà kan jókòó ti ìkòkò aró. Ìró tí aró ti ta sí ni wọ́n ró, wọn ò wé gèlè, ọwọ́ wọn sì dúdú dé ìgúnpá. Mo dúró lókèèrè, mo fi fóònù fa àwòrán wọn sún mọ́ tòsí, mo yà á. N kò kí wọn. N kò béèrè. Kí wọ́n tó gbójú sókè, mo ti kọjá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé fọ́tò yẹn sórí Instagram, àwọn èèyàn sì yìn mí gan-an. Ní ọjọ́ kẹta, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti ẹ̀ka mìíràn kọ̀wé sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́, màmá màmá mi lẹ yà yẹn. Wọn kì í jáde síta láìwé gèlè. Bí wọ́n bá rí i, ó máa dùn wọ́n." Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Àwa tí a kọ́ ìkíni oníṣẹ́ ọwọ́ ní kíláàsì, tí a mọ̀ pé "Àrẹdú o" ni à ń kí aláró, tí a kọ ọ́ nínú ìdánwò, tí a gba máàkì lé e lórí, a dé iwájú aláró gan-an, fóònù la nà sí wọn.

Èrò mi lónìí kò lọ́jú pọ̀: fọ́tò ojú èèyàn tí a bá pàdé lẹ́nu ìrìn àjò, àwa àti onítọ̀hún la jọ ni ín. Bí a kò bá tíì bá a sọ̀rọ̀, kò tíì tó àsìkò láti yà á.

Ohun tó jẹ́ kí n rí èyí dáadáa ni kámẹ́rà kékeré kan tí ẹ̀gbọ́n mi yá mi lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, Epson R-D1. Ọdún 2004 ló jáde, òun sì ni rangefinder àkọ́kọ́ tí kì í lo fíìmù. Mẹgapíksẹ́lì 6 péré ló ní. Fóònù ọwọ́ wa jù ú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀. Bí o bá fojú sí ihò rẹ̀, wàá rí ẹni tó wà níwájú rẹ ní méjì láàárín gbùngbùn, nítorí pé fèrèsé kékeré kejì ń gbé àwòrán tirẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́. Wàá máa fọwọ́ yí lẹ́ńsì títí méjèèjì á fi pa pọ̀ di ọ̀kan. Ìgbà yẹn lojú onítọ̀hún tó máa mọ́ kedere nínú fọ́tò. Bó bá mira, wàá tún un ṣe.

Kò sí pé o dúró lókèèrè kí o máa fa àwòrán sún mọ́ ọ. Bí o bá fẹ́ kí ojú hàn dáadáa, ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi rìn débẹ̀, ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré láàárín yín. Bí ojú lásán ṣe ń rí nǹkan ni ihò R-D1 náà ṣe ń fi í hàn, kò tóbi jù, kò kéré jù, nítorí náà o lè la ojú méjèèjì sílẹ̀ bí o ti ń yà á. Kódà, o lè dojú gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ délẹ̀, kí o má máa wo fọ́tò tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, kí o lè gbájú mọ́ ẹni tí o ń yà. Ta ló lè dúró báyẹn níwájú àgbàlagbà láìkí wọn?

Ní ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èmi àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin yẹn lọ sọ́dọ̀ màmá rẹ̀ àgbà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Àrẹdú o, mà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí. Mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ti ṣe, mo tọrọ àforíjì, mo sì béèrè bóyá mo lè yà wọ́n. Wọ́n ní, "Dúró ná, jẹ́ kí n múra." Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 kí wọ́n tó jáde pẹ̀lú adìrẹ ẹlẹ́kọ, gèlè àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọ́n kọjú sí mi gangan. Kì í ṣe fọ́tò tí mo ní lọ́kàn rárá, ṣùgbọ́n òun ni àwọn ní lọ́kàn. Nígbà tí a parí, àwọn fúnra wọn ló sọ pé, "Ó yá, wá ya tìdí aró náà."

Ìjókòó màmá yẹn kì í ṣe tuntun. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1978 nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts nípa bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò. Ìlá-Ọ̀ràngún wà lára ibi tó ti ṣèwádìí. Ó ṣàlàyé irú ìjókòó yìí gan-an: ojú síwájú, ọwọ́ lórí orúnkún, aṣọ títẹ́ dáadáa, gbogbo ara ní hàn. Ó tún sọ bí àwọn kan ṣe ń fi fọ́tò rọ́pò ère ìbejì. Bí ọ̀kan bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayàwòrán á tẹ àwòrán èyí tó wà láàyè lẹ́ẹ̀mejì sínú fọ́tò kan ṣoṣo. Lọ́dọ̀ wa, fọ́tò ń dúró fún èèyàn. Òun là ń gbé kọ́ sí pálọ̀, òun là ń tẹ̀ sára ìwé ètò ìsìnkú. Ta ló wá fún wa láṣẹ láti yan èyí tí ayé máa fi mọ ìyá oníyàá?

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní fọ́tò tí a bá tọrọ kì í jẹ́ òótọ́ mọ́, pé ojú ayé ni onítọ̀hún ń ṣe. Wọ́n á dárúkọ Henri Cartier-Bresson, ọmọ Faransé tó fi Leica kékeré ya àwọn èèyàn lójú pópó láìjẹ́ kí wọ́n fura. Òótọ́ ni, rangefinder sì ni Leica rẹ̀. Kámẹ́rà kì í kọ́ni níwà. N kò sì sọ pé kí a máa tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo èrò ọjà tàbí èrò ọdún Líṣàbi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú ẹnì kan ṣoṣo ló kún inú fọ́tò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Gèlè tí màmá lọ wé kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n ṣe mọ ara wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀ka wa máa tún rìnrìn àjò láìpẹ́. Kò pọn dandan kí ẹ wá kámẹ́rà bíi tèmi. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ti tó. Ẹ sún mọ́ èèyàn. Ẹ kí wọn bí a ṣe ń kí oníṣẹ́ wọn. Ẹ béèrè, bí wọ́n bá sì kọ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá gbà, ẹ tẹ ẹ̀dà kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

Fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo ya màmá kò sí níbì kankan mọ́. Èyí tí wọ́n wé gèlè sí ti wà lára ògiri pálọ̀ wọn báyìí.