Ẹyẹ Tí A Sìn Kì Í Ṣe Ẹyẹ Tí A Mú

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó di ọjọ́ ìpọ́njú kí ó yẹrí. Ilé ni àwọn àgbà fi sọ ẹyẹ yìí lórúkọ: ẹyẹ ilé. Kì í ṣe okùn ni ó dè é mọ́lé, kì í sì í ṣe àgò ni ó há a mọ́. Wọ́n kan ilé fún un sára ògiri, wọ́n da ọkà sílẹ̀ fún un ní àárọ̀; bí ó bá fò lọ, ibẹ̀ náà ni yóò padà sí ní ìrọ̀lẹ́. Inú ilé náà ni ó ti yé, ibẹ̀ ni ó ti pamọ, ibẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ sì ti mọ ojú onílé. Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ẹyẹ ṣe ará ilé máa wò nìyí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Ìkẹjà àti Agége ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, oko obì àti oko kòkó ni Agége; ọdún 1907 ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, J. K. Coker sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà. Igi ṣubú, ilé iṣẹ́ dìde. Òṣìṣẹ́ tí ó ti ń jí gbọ́ ohùn ẹyẹ lórí ọ̀pẹ ní abúlé rẹ̀ wá di ẹni tí ń jí gbọ́ ariwo ẹ̀rọ, nínú ilé tí ìlẹ̀kùn yàrá kan kọjú sí ti èkejì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ ẹyẹ kékeré kan tí yóò máa kọrin lójú fèrèsé rẹ̀, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Kò sí ẹ̀bi nínú fífẹ́ ẹyẹ. Ọ̀nà tí ẹyẹ náà gbà dé ilé ni ẹjọ́ wà.

Ìbákà ni àpẹẹrẹ tí ó yé ènìyàn jù. Ẹyẹ kékeré ni, àyà rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ewé tí ó ti ń gbó, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé nítorí orin rẹ̀ ni a ṣe ń há a mọ́ àgò. Mọ̀lẹ́bí ni òun àti kánárì tí àwọn Òyìnbó ń sìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ lè ra èyí tí akọ àti abo pa nínú àgò; ó sì lè ra èyí tí a fi àtè mú, tàbí ọmọ tí a kó nínú ìtẹ́ kí ojú rẹ̀ tó là.

Ọ̀nà ti igbó yìí ni ó yá jù, òun náà ni ó sì ń pa ẹyẹ jù. Ọmọ ẹyẹ tí kò tí ì hu ìyẹ́ kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, kò sì lè dúró de oúnjẹ. Láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí di àṣálẹ́ ni ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ tọ́ ọ gbọ́dọ̀ máa fún un ní oúnjẹ, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí. Bí ó bá kéré gan-an, ààbọ̀ wákàtí kò gbọdọ̀ kọjá. Oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́: bí ó bá tutù, kò ní dà, bí ó bá gbóná jù, yóò jó àpò oúnjẹ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó wọ ọkọ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì dá dúró títí di aago mẹ́jọ alẹ́, nígbà wo ni yóò ṣe èyí? Ọmọ tí ó fi sílẹ̀ ńkọ́, ṣé kò ní lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ni? Òkú ẹyẹ ni irú onílé bẹ́ẹ̀ yóò bá nílẹ̀.

Èdè Yorùbá ti dá ẹjọ́ yìí ná. Ẹran tí a ń tọ́jú nílé ni à ń pè ní ẹran ọ̀sìn: à ń sin adìẹ, à ń sin ewúrẹ́. Ohùn kan náà ni a fi ń sọ pé ènìyàn ń sin ọba, tàbí pé ó ń sin Ọlọ́run. Yálà orísun kan náà ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá tàbí ìró wọn ni ó bára mu, ẹ̀kọ́ inú wọn hàn: ẹni tí ó bá sin ẹran ti di ìránṣẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Ẹyẹ igbó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀: à ń dẹ ẹ́, à ń mú un, à ń pa á. Ẹni tí ó mú ẹyẹ kò tí ì sìn ín.

Ohun tí mímú láìsìn lè dá sílẹ̀ hàn lára odídẹ, tí a tún ń pè ní ayékòótọ́. Ní Ghana, ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé láti nǹkan bí ọdún 1992, ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá odídẹ ibẹ̀ tí ó ti pòórá. Mímú fún títà àti gígé igi ni ó fà á. Ní ọdún 2016 kan náà, ní ìpàdé Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lórí òwò ẹranko igbó, tí Nàìjíríà wà lára wọn, fi òfin de òwò odídẹ igbó láti ilẹ̀ kan sí èkejì. Bẹ́ẹ̀, ìkóódẹ ni a fi ń ṣe adé lọ́ṣọ̀ọ́. Àṣà tí ó gbójú lé ẹyẹ kan kò lè pẹ́ ju ẹyẹ náà lọ.

Ẹlòmíràn lè wí pé ìbákà kò tí ì ṣọ̀wọ́n, àti pé ẹni tí ń dẹ ẹ́ ní láti jẹun. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí odídẹ náà kò ṣọ̀wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ Yúróòpù sé ìlẹ̀kùn mọ́ ẹyẹ igbó ní ọdún 2005 nítorí àrùn ẹyẹ, tí ó sì sọ ọ́ di òfin pípẹ́ ní ọdún 2007, òwò ẹyẹ igbó láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè fi nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá dínkù. Àwọn tí ń sin ẹyẹ níbẹ̀ kò torí èyí ṣíwọ́. Ọmọ tí a pa nínú àgò ni wọ́n gbájú mọ́. Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ti ọlọ́rọ̀ nìkan. Àwọn ahunṣọ Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn awakùsà òkè Harz ní Jámánì wà lára àwọn tí ó sọ kánárì di ẹyẹ tí ayé mọ̀, nínú ilé òṣìṣẹ́ lásán. Ohun tí òṣìṣẹ́ ọ̀hún ṣe, ti Agége lè ṣe é.

Kò ju agbára lọ. Akọ kan, abo kan, àgò tí ó fẹ̀ débi tí wọ́n lè fò, koríko fún ìtẹ́, jéró, ewé tẹ̀tẹ̀, èèpo ẹyin gígún àti omi tuntun lójoojúmọ́. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹyin yóò pa. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọmọ yóò ti máa jáde nínú ìtẹ́. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ni yóò bọ́ ọ. Ìgbà tí wọ́n bá kú tàbí tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìkan ni ó yẹ kí ọwọ́ ènìyàn wọ̀ ọ́. Kí onílé má sì gbé àgò sí ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ti ń wọlé. Títí di ọdún 1986 ni àwọn awakùsà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé kánárì wọ inú ilẹ̀, nítorí pé afẹ́fẹ́ olóró a máa mú un kí ó tó mú ènìyàn. Bí ẹyẹ bá ṣàdédé ṣubú lórí igi àgò ní òru, kí gbogbo ilé tètè sá jáde.

Ìyàtọ̀ kan wà ṣá láàárín irú ẹyẹ yìí àti ẹyẹlé. Èyí tí a bí sínú àgò kò mọ ọ̀nà àtijẹ nínú igbó; títú u sílẹ̀ kì í ṣe àánú. Ó lè pẹ́ tó ọdún mẹ́wàá láyé, onílé ni yóò sì máa sìn ín títí ọjọ́ yóò fi pé. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́, kí àgbà sì sọ ọ́ fún ọmọ tí ń sunkún ẹyẹ. Ẹni tí ó bá sì dúró níwájú ẹlẹ́yẹ lẹ́bàá títì, kí ó bi í ní ìbéèrè kan kí ó tó yọ owó: níbo ni ìyá ẹyẹ yìí wà? Bí ó bá fi ìyá náà hàn nínú àgò, ọjà dé nìyẹn. Bí ó bá nawọ́ sí igbó, kí oníbàárà máa bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.